Àdúrà Tó Bọ́ sí Etí Àwo

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, má bá mi sáré. Eré ló ba ohùn mi jẹ́ ní Mẹ́kà, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìwọ náà bá tún kánjú kọ èyí, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Àwọn tó bá ti hájì dé, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n á ròyìn Káába, wọ́n á bu omi sámúsámù fún àlejò, wọ́n á ní ibẹ̀ dùn. Mi ò ní ibẹ̀ ò dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ lo ogójì ọjọ́ àti ẹni tó ń nu ilẹ̀ ibẹ̀, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń wo ìlú. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dùn mí jù níbẹ̀, kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe iṣẹ́. Àwo síídì kan báyìí ni, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Jẹ́dà ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nílé obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ pọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń kí ẹni tí mo ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà figbe ta. Ó rò pé òòyì ló gbé mi ṣubú. Ó dì mí lápá, ó ń bu omi sí mi lórí. Ọmọbìnrin ará Indonéṣíà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fọwọ́ júwe fún un pé ìkíni ni. Ojú obìnrin náà korò. Ó nàka sókè, ó ní Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún, kí n má dán an wò mọ́ nínú ilé òun.

Mo gbà. Ilé rẹ̀ ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orúnkún mi á fẹ́ tẹ̀, màá dá a dúró. O ò mọ bó ṣe ń ṣeni kí orúnkún ẹni máà ríṣẹ́ ṣe láàárọ̀. Bí ẹni tó jí tí kò bọ́jú ló ń rí.

Nígbà tí iṣẹ́ ilé yẹn sú mi, mo gòkè lọ sí Mẹ́kà, sí Nakásà, àdúgbò orí òkè tí àwa aláwọ̀ dúdú kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ará Ìwó, ìlú wa, wà níbẹ̀ bí ogún. Sàlíù ló gbà mí síṣẹ́. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá ṣe hájì tí kò padà mọ́. Mẹ́kà ni wọ́n bí Sàlíù sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bí mo bá sọ Yorùbá sí i, yóò gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, Lárúbáwá ni yóò fi dá mi lóhùn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Utaibíyà níbi tó ti ń da kéwú àti wáàsí kọ sórí síídì fún àwọn tó wá ṣe hájì, kí wọ́n lè rù ú relé.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n nu àwo òfìfo, kí n fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á yọ ahọ́n, màá gbé àwo lé e, á fa ahọ́n padà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Nígbà tó bá ṣe tán, á tún yọ ahọ́n, màá gbé àwo kúrò, màá kì í sápò. Mi ò mọ̀wé, mi ò mọ wákàtí, tẹ̀sùbáà ni mo fi ń wọn àkókò. Kí n tó ka tẹ̀sùbáà yí ká lẹ́ẹ̀mejì, àwo ti jinná. Ẹ̀rọ náà máa ń dún hùùù, ohùn kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá délé, mo ṣì ń gbọ́ ọ nínú etí mi.

Ọjọ́ kan ni ọmọ mi Rìsìkátù pè láti Ìwó.

"Màmá, wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì mi o."

Inú mi dùn títí mo fi rántí ibi tí mo wà. Ìwé ìgbélùú mi, ìkámà, ọwọ́ kàfíìlì mi ló wà, ìyẹn ọ̀gá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gbà mí sílùú. Bí mo bá ti béèrè ìwé àtilọ-àtibọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, "búkírà" ni yóò wí. Ọ̀la nìyẹn. Ọ̀la rẹ̀ kì í sì í mọ́. Bí mo bá jáde láìgba ìwé náà, mi ò ní lè wọlé mọ́, iṣẹ́ yẹn la sì fi ń jẹun nílé.

Mo bá pinnu pé bí ara mi ò bá lè dé, ohùn mi á dé. Bí ọdún 2012 nìyẹn. Fóònù tiwa nígbà náà, tìtẹ̀-tìtẹ̀ ni, kò lè fi ohùn pa mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu fóònù sì dà bí ìrì, kì í bá ilẹ̀ mọ́ pẹ́. Mo ní kí Sàlíù gba ohùn mi sórí síídì, kí wọ́n gbé e sí gbohùngbohùn lọ́jọ́ yìgì, kí tìyá-tìyekan gbọ́ àdúrà mi sórí ọmọ mi.

Ìròyìn kàn ní Nakásà. Gbogbo ará Ìwó bá ya dé ṣọ́ọ̀bù, kálukú ní kí wọ́n bá òun fi ohùn tòun náà síbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ lé? Bàbá Alágbàfọ̀, tó ń fọṣọ fáwọn òtẹ́ẹ̀lì, ló kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó kí ìyàwó rẹ̀. Ó kí ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè bóyá páànù ilé ṣì ń jò. Ó wá ní kí wọ́n bá òun kí ewúrẹ́ òun, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun.

Sàlíù di orí mú. "Yā Hájjà," ó ń sọ ọ́ ní Lárúbáwá, "ṣé yìgì lẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ni, àbí ọjà ẹran?"

Mo ní, "Ìwọ dákẹ́ jàre. Ìgbà wo ni ìwọ ní ewúrẹ́ rí?"

Èmi ni mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Èmi ni àgbà wọn, èmi ni mo sì ni ọmọ. Níbi tá a ti wá, àgbà ló ń fi àdúrà pa ọ̀rọ̀ dé. Èèyàn kì í wọ ilé onílé kó máa súre kó tó kí wọn. Nígbà tó fi máa kàn mí, a ti lò ju wákàtí kan lọ, Sàlíù sì ń nàka sí kọ̀ǹpútà pé àwo ti fẹ́ kún. Mo ṣàdúrà mi délẹ̀. Ó fi àwo sẹ́nu ẹ̀rọ, ó dún hùùù, mo ka tẹ̀sùbáà lẹ́ẹ̀mejì, ó jinná. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ fún Àlàájì ará ìlú wa kan ní òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Ṣubaikà. Ó fi aṣọ tó fi ṣe hájì wé e lójú mi.

Lọ́jọ́ yìgì, mo gbààwẹ̀. Àbúrò mi, Bùráímọ̀, ló pè mí nígbà tí wọ́n túká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣeyẹ. Ohùn yín dé o. Àmọ́..."

"Àmọ́ kí ni?"

"Ti Bàbá Alágbàfọ̀ mọ́ ketekete, gbogbo èèyàn ló kí ewúrẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà mọ́. Ìgbà tó kàn yín, ẹ pe orúkọ Rìsìkátù, ẹ ní 'Ọlọ́run yóò'. Àwo bá ń họ bí ẹni ń ha ìkòkò. Ó tún ní 'Ọlọ́run yóò'. Ó tún họ. Kò sọ ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe títí tí wọ́n fi pa á."

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Ìyá ọkọ Rìsìkátù ní," ó ń bá a lọ, àbúrò mi ò mọ èyí tí wọ́n ń gbé mì, "ó ní bóyá ìyá ìyàwó ò tíì pinnu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Níbi yìgì ọmọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

Rìsìkátù ò gbé fóònù mi fún oṣù kan gbáko. Nígbà tó máa gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Màmá, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n kí ewúrẹ́. Ẹ kí gbogbo ayé tán, tèmi ò kù mọ́." Mo ṣàdúrà fún un lórí fóònù níbẹ̀ náà, mo ṣe é tẹkúntẹkún. Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá. Èmi nìkan ni mo gbọ́. Ilé tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọn ò gbọ́."

Mo bínú sí gbogbo èèyàn. Mo bínú sí Àlàájì tó gbé e, mo ní ó ti fi bọ́tìnnì ha á. Mo bínú sí ẹni tó ni gbohùngbohùn. Sàlíù mú ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú kọ̀ǹpútà, àdúrà mi jáde bí omi. Ó na ọwọ́ méjèèjì: "Màfí múṣkílà." Kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ ilé yín ni kò dáa.

Ohun tó ń bí mi nínú nílẹ̀ àjèjì nìyẹn. Lójú wọn, ohun tó bá bàjẹ́, ilé tiwa ló ti bàjẹ́.

Oṣù kẹta lẹ́yìn yìgì, Rìsìkátù lóyún. Ó pè mí fúnra rẹ̀. "Màmá, mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí bọ́ sínú ilé yìí kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe." Mo sáré lọ bá Sàlíù. Ó ti ra ẹ̀rọ tuntun, ó ní ìyẹn kì í yí ní eré kan, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ló ń ṣe. Lóòótọ́, mo gbọ́ ọ: á dún díẹ̀, á dákẹ́ bí awakọ̀ tó ń pààrọ̀ jíà, á tún mú un le sí i. Mo fi àwo náà rán ẹlòmíràn sílé. Bùráímọ̀ pè. Ó ní èyí kọjá ibi ti tẹ́lẹ̀. Àwo ní "Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹ nínú ilé," ó ta pó, ó dákẹ́.

Ìdajì àdúrà. Kí lèèyàn ń fi ìdajì àdúrà ṣe?

Láàárín ìgbà náà ni Bàbá Alágbàfọ̀ kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí. Ìyàwó rẹ̀ ní Ìwó wá ń lọ sílé Rìsìkátù láti lọ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń béèrè páànù. Nígbà tí Sàlíù wá ní kí n yọ àwọn èèyàn yẹn kúrò, kí n fi àdúrà mi nìkan síwájú, mo kọ̀. Mo ní, "Ohùn òkú ni kí n pa rẹ́?"

Mo lọ ṣe tàwáfù, ìyẹn yíyí Káába ká lẹ́ẹ̀méje. Orúnkún mi ò gba èrò ìsàlẹ̀ mọ́, orí òrùlé mọ́sálásí ni mo máa ń lọ. Òrùlé gbòòrò, àmọ́ ó jìn. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ nítòsí Káába bá gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó ti yí ká, èmi ṣì wà lókè tí mò ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo dúró gbára lé irin kí n lè mí. Mo wo ìsàlẹ̀.

Àwọn obìnrin kan ń bọ̀, bíi mẹ́wàá, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú ní ìlà gbọọrọ kí wọ́n má bàa sọnù. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ń rọra tẹ̀. Èyí tó wà láàárín ń yára. Àwọn tó wà létí òde, eré ni wọ́n ń sá, torí wọ́n gbọ́dọ̀ bá ti inú dọ́gba. Bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà já. Etí ló ti já.

Mo ní, "Sùbùhánàllàhì." Mo rí àwo mi.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò tíì bọ́ abáyà tí mo ti bi Sàlíù. "Níbo ni ẹ̀rọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lára àwo?"

Ó ní àárín ni, ó ń yí bọ̀ wá sí etí.

"Ṣé eré kan náà ló ń yí i, látìbẹ̀rẹ̀ dópin?"

Ó ní ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni.

"A jẹ́ pé etí ń sáré ju àárín lọ. Etí ni àdúrà mi wà."

Ó gbójú sókè wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, Yorùbá gbágungbàgun kan báyìí. "Òótọ́ ni, Màmá."

Ló bá ṣàlàyé. Ó ní iná kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń jó ọ̀rọ̀ sára àwo. Bí etí bá ń sáré kọjá níwájú iná, iná á kọ ọ́ lóréfèé, ojú ìwé á sì ṣú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pàápàá lára àwo pọ́ọ́kú. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lójú tó mú, ó lè kà á. Ẹ̀rọ àtijọ́ ilé ò lè kà á. Ẹ̀rọ àtẹ̀gùn náà, gbogbo ibi tó bá ti pààrọ̀ eré, ó ń dá ìwé dúró, ó ń so ó padà, oríkèé yẹn sì lè já. Ó ní ọ̀nà kẹta wà. Wọ́n lè ní kí ẹ̀rọ máa dín yíyí rẹ̀ kù bó ṣe ń lọ sí etí, kí etí máa kọjá pẹ̀lẹ́ bí àárín ṣe kọjá. Ìyẹn ló dáa jù fún àwo yìí, àmọ́ ó ń pẹ́.

"O mọ èyí tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tó ò ṣe é fún mi?"

Ó padà sí Lárúbáwá rẹ̀. "Záhmà, yā Hájjà." Èrò pọ̀. Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn oníbàárà kún. Ó tún wá rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gbọ́ wáàsí dé etí? Ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbọ́."

Ọmọ mi, kọ èyí dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n. Kò sọ ọ́ nítorí kò sẹ́ni tó bi í, mi ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í. Mo jókòó sórí páálí àwo. Mo wá wò ó. Ìran kẹta nìyí nílùú náà, kò rí Ìlọrin rí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pè é ní àlejò, ọdọọdún ló ń lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe. Òun náà, etí ló wà. Mo rò ó níbẹ̀ pé bí wọ́n bá ní kí gbogbo wa máa yí ní ìyí kan náà, ẹni tó wà létí ni yóò sáré jù, òun náà sì ni wọ́n máa kọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jù. Àmọ́ ìyẹn ò ní kí n dárí jì í lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Nígbà tí wọ́n bá pe ìrun àlàásárì, ṣé o máa tilẹ̀kùn?"

Òfin ibẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti pèrun, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń wọ́ ilẹ̀kùn irin sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ra nǹkan kan.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tì mí mọ́ ibí. Àkókò yẹn, kò sí záhmà."

Ó rojú, àmọ́ ó ṣe é. Èmi fúnra mi ṣa àwo nínú páálí tó dáa, mo dì í létí mú, mi ò fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Sàlíù tẹ kọ̀ǹpútà dé ibi tí nọ́ńbà eré yíyí wà, mo sì mọ nọ́ńbà lójú fóònù. Mo ní kó mú mẹ́rin, kì í ṣe gìrìwò yẹn. Wọ́n pèrun. Ó wọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ga, ó wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń sunkún tó ń sùn lọ. Mo kírun ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn páálí. Mo ka tẹ̀sùbáà lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo kà á kọjá. Oníbàárà kan dé kí wọ́n tó kírun tán, ó ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn pé kí n yára, "Yállà! Yállà!" Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń yállà mi. Lọ́jọ́ náà, mo dúró de ẹ̀rọ títí ó fi yọ ahọ́n.

Àlàájà kan ló gbé e lọ. Oyún Rìsìkátù ti wọ oṣù kẹjọ. Ó pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní gbogbo ilé ti jókòó, ìyá ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, òun máa gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mo ní kí ó má pè mí, èmi ni n ó pè é. Mo ra káàdì mẹ́ta sílẹ̀.

Bàbá Alágbàfọ̀ kí ìyàwó rẹ̀. Mo gbọ́ obìnrin náà tó ń dáhùn nínú yàrá, "Ẹ kú ilé o. A ti pààrọ̀ páànù." Ó dé orí ewúrẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ẹkún nínú ẹ̀rín náà. Mo jókòó ní Nakásà, mò ń gbọ́ Nakásà láti Ìwó. Mo fi káàdì kejì sí i. Ìkíni ń lọ, àwo ń lọ sí etí. Mo wá gbọ́ ara mi.

"Rìsìkátù ọmọ mi. Ọlọ́run yóò..."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"...Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹ nínú ilé tí mi ò lè wá wò. Bí o bá kí wọn láàárọ̀, wọn yóò jẹ́ ọ. Orúnkún tí o bá fi kúnlẹ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ, Ọlọ́run yóò bá ọ gbé e dìde, tìwọ tọmọ."

Ilé ní àmín. Mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà obìnrin kan tó ga ju ti gbogbo wọn lọ, Rìsìkátù sì sọ sínú fóònù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ìyá ọkọ mi nìyẹn." Èmi náà ní àmín sí àdúrà ara mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó figbe ta, kò sẹ́ni tó bu omi sí mi lórí.

Káàdì tán. Mo di ògiri mú, mo dìde, mo lọ síbi iṣẹ́. Ohùn mi ti dé Ìwó. Èmi alára, ó tún gbà mí ní ọdún mẹ́rin kí ọ̀la kàfíìlì tó mọ́.